Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹgbẹ́ òǹkàwé tó há sí Waterloo

Ìbéèrè láti Kàbbà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ọ̀kun o. Àwa mẹ́sàn-án la dá ẹgbẹ́ òǹkàwé sílẹ̀ níbí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mẹ́rin nínú wa, nọ́ọ̀sì kan wà, ìyá kan tó ń ta gààrí àti ẹ̀wà wà, ọ̀dọ́ sì ni àwọn ìyókù. Oṣù kìíní ọdún yìí la bẹ̀rẹ̀ Les Misérables, ìwé ìtàn àròsọ tí Victor Hugo ọmọ ilẹ̀ Faransé kọ, a sì ń pàdé ní Sátidé kejì oṣooṣù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Apá kìíní dùn débi pé ilẹ̀ máa ń ṣú mọ́ wa lórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n bí a ṣe wọ apá kejì, ogun Waterloo, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon olú ọba Faransé, ló pàdé wa, Jean Valjean, ẹlẹ́wọ̀n tí ìtàn náà dá lé, tí a ń bá bọ̀ kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ẹni mẹ́ta kò wá mọ́. Àwọn kan ní kí a fo ogun náà. Èmi ní ẹni tó bá fo ojú ìwé kò lè jáde síta kó ní òun ti ka ìwé. Ta ló jàre?

*Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Kàbbà*

Ìdáhùn

Ọ̀kun o, Olùkọ́ wa. Kì í ṣe ẹgbẹ́ yín ni ogun yẹn kọ́kọ́ dá dúró. Nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ìwé yìí ti ń jókòó tí eruku ń bò ó, bí ẹ bá ṣí i wò, Waterloo ni ẹ ó bá ègé ìwé tí wọ́n fi ṣe àmì síbi tí wọ́n dé.

Waterloo gba odindi orí mọ́kàndínlógún, nínú ìwé tí gbogbo orí rẹ̀ jẹ́ 365. Kí ẹ tó bínú sí Hugo, ẹ ro ibi tó wà nígbà tó ń kọ ọ́. Ọdún 1845 ló bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ó pa á tì ní 1848 nígbà tí rògbòdìyàn gba Paris, nígbà tí Louis-Napoléon, ọmọ àbúrò Napoleon, sì fipá gba ìjọba ní oṣù Kejìlá 1851, Hugo sá kúrò nílùú. Erékùṣù Guernsey ló ń gbé nígbà tó tún gbé ìwé náà jáde láti inú àpótí ní 1860. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí Belgium, ó dé sí ìtòsí pápá tí wọ́n ti jagun Waterloo ní 1815, ibẹ̀ ló sì ti parí ìwé náà ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 1861. Ọkùnrin tí ẹ rí ní ìbẹ̀rẹ̀ Waterloo, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ ní òwúrọ̀ kan nínú oṣù karùn-ún, tó dúró wo ihò tí ọta ṣe sára ilẹ̀kùn àti ògiri, Hugo fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó ti jìnnà sílé fún ọdún mẹ́wàá ló dúró síbi tí ìjọba Napoleon àkọ́kọ́ ti ṣubú, tí ìjọba Napoleon mìíràn sì ń lé e káàkiri. Kò lè kọjá níbẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tó sì gbé ọ̀rọ̀ gbà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ bi àgbàlagbà kan ní ilẹ̀ Ọ̀kun bí ilé baba rẹ̀ ṣe dé ibi tó wà. Kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti orí búlọ́ọ̀kù. Láti orí ogun Núpé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò sọ orúkọ òkè tí wọ́n sá gùn, yóò sọ ẹni tí wọ́n kó lọ sí Bídà àti ẹni tó rí ọ̀nà padà, yóò dúró kí gbólóhùn kan nínú oríkì ìdílé rẹ̀, ìgbà tí ẹ bá sì ti gbà lọ́kàn yín pé ó ti gbàgbé ìbéèrè yín ni yóò wá na ìka sí ògiri tí ẹ béèrè nípa rẹ̀. Ẹ kì í ní kí bàbá náà fo ogun. (Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ṣírò ọdún rẹ̀: ní 1862 tí ìwé Hugo jáde, ogun Núpé ṣì ń dààmú àwọn baba wa níbí.)

Ogun náà wọ inú ìtàn ju bí ó ṣe hàn lójú lọ. Oṣù kẹfà 1815 ni Waterloo. Oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni Jean Valjean dé ìlú Digne láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Toulon, ojú ọ̀nà tí Napoleon gbà kọjá ní oṣù méje ṣáájú lòun náà sì gbà wọlé. Ẹ tún rántí pátákó tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ilé èrò àwọn Thénardier ní Montfermeil, èyí tí ẹ ti rí ní apá kìíní: ọkùnrin kan gbé ọkùnrin mìíràn tó wọ aṣọ ọ̀gágun pọ̀n sẹ́yìn, wọ́n sì kọ orúkọ Waterloo sábẹ́ rẹ̀. Orí 19, èyí tó kẹ́yìn nínú ogun náà, ló sọ ibi tí pátákó yẹn ti wá. Òru ni, ogun ti parí, ẹnì kan ń rìn láàárín òkú. N kò ní í tú ìtàn náà fún yín. Ẹ ṣáà fi biro fàlà sábẹ́ orúkọ méjèèjì tí ẹ bá gbọ́ ní òpin orí náà, nítorí pé apá kẹta ìwé náà kò ní í yé ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n.

Ní ti ìdájọ́ tí ẹ ní kí n dá, ẹ má bínú, Olùkọ́, àwọn tó ní kí a fò ó jàre jù yín lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kò dára tó. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹgbẹ́ ni pé kí wọ́n ṣe é bí àáró. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹnì kan kì í dá oko ro nígbà tí àwọn ojúgbà rẹ̀ wà. Oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Kí ẹnì kan gba Waterloo lọ sílé, kó kà á tán, kó jókòó ní Sátidé tó ń bọ̀, kó sì fi ìṣẹ́jú ogún sọ ọ́ fún àwọn yòókù bí ẹni ń ròyìn ogun. Kí àwọn yòókù ka orí 19 nìkan, kí wọ́n sì máa bá ìtàn lọ. Ní ẹgbẹ́ tí èmi náà wà nígbà kan ní Mọ̀pà, awakọ̀ ọkọ̀ èrò kan tí kò fẹ́ràn ìwé rárá, ìyàwó rẹ̀ ló fà á wá, ni Waterloo bọ́ sí lọ́wọ́. Ó dé pẹ̀lú ìdérí ìgò mínírà, ó tò wọ́n sórí tábìlì: èyí ni Wellington ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, èyí ni Napoleon, èyí ni Blücher ọ̀gágun Prussia tó dé lálẹ́. Ó gbé ife omi kan sáàárín, ó ní èyí ni kànga Hougomont, tí Hugo ní wọ́n ju òkú ọ̀ọ́dúnrún sí. Kò sí ẹni tó mu omi náà títí ìpàdé fi parí.

Orí kan wà nínú ogun náà tí ẹ ó fẹ́ kà fúnra yín, èyí tí Hugo fi odindi rẹ̀ yin ọ̀rọ̀ rírùn kan ṣoṣo tí ọ̀gágun Cambronne sọ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní kó túúbá. Olóòtú àgbà kò ní í jẹ́ kí n tẹ ọ̀rọ̀ náà síbí.

Àwọn ibi mìíràn tí ọ̀nà yóò ti yà ń bọ̀, ẹ pín wọn kí ẹ tó débẹ̀. Èyí tó ń sọ nípa ilé àwọn sísítà ní Petit-Picpus wà ní apá kejì kan náà, ní tèmi òun ló wúwo jù, ẹ gbé e fún ẹni tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn Kátólíìkì. Ní apá kẹrin, Hugo yóò kọ ìwé kékeré kan lórí èdè ìkọ̀kọ̀ àwọn olè Paris. Ẹ fún ẹni tó gbọ́ ẹnà, yóò mọ ohun tó ń kà. Èyí tó wà ní apá karùn-ún, nípa kòtò ìdọ̀tí tó gba abẹ́ ilẹ̀ Paris kọjá, mo rọ̀ yín kí gbogbo yín kà á, nítorí pé ẹsẹ̀ ènìyàn yóò wọ inú ẹrẹ̀ yẹn láìpẹ́ sígbà náà, ẹ ó sì fẹ́ mọ bó ṣe jìn tó.

Ibì kan ṣoṣo ni n kò gbà kí ẹnikẹ́ni fò, ẹ sì ti kọjá rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn mẹ́ta tó sá bá padà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n kà á: orí 14 àkọ́kọ́, níbi tí kò ti sí Jean Valjean rárá, bíṣọ́ọ̀bù Digne nìkan ló wà níbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù náà dé ààfin tí wọ́n fún un, ó wo ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí aláìsàn 26 nínú yàrá kótópó márùn-ún sí mẹ́fà, ó sì ní àṣìṣe ló ṣẹlẹ̀: ẹni mẹ́ta ló wà ní ààfin níbi tí ọgọ́ta ènìyàn lè gbà, nítorí náà kí wọ́n pààrọ̀ ilé. Nínú owó oṣù tó jẹ́ 15,000 fráǹkì lọ́dún, 1,000 péré ló fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ohun èlò fàdákà tó fi ń jẹun àti ọ̀pá fìtílà fàdákà méjì nìkan ni nǹkan iyebíye tó kù nílé náà. Ẹni tó bá fo gbogbo èyí yóò rò pé olówó kan ló fi fàdákà ta olè lọ́rẹ.

Ẹ jẹ́ kí ìyá tó ń ta gààrí máa ṣe ìṣírò fún yín. Owó pọ̀ nínú ìwé yìí, Hugo kì í sì í sọ ọ́ lásán. Ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún Jean Valjean nítorí búrẹ́dì kan. Ó gbìyànjú láti sá lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n fi mẹ́ta lé e, wọ́n fi márùn-ún lé e, wọ́n tún fi mẹ́ta àti mẹ́ta lé e, ó di 19. Àwọn Thénardier gba fráǹkì méje lóṣù lọ́wọ́ Fantine láti tọ́jú Cosette ọmọ rẹ̀, ó di 12, ó di 15. Ó ta irun orí rẹ̀ ní mẹ́wàá. Ó ta eyín iwájú méjì ní ogójì. Ní Mọ̀pà, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ nínú ẹgbẹ́ wa kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìránṣẹ́ ọjà rẹ̀, ó rò ó pọ̀, ó gbé biro sílẹ̀, ó ní, “Ẹni tí kò lè wá fojú rí ọjà rẹ̀ ni wọ́n ń gbówó lé lórí báyìí.” Mo ti ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ lórí Fantine, n kò rí èyí tó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè láti Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé yìí kan náà la ń kà, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní “ẹ ṣí ojú ìwé 300,” ibi tí kálukú ń ṣí kì í bára mu. Orí fóònù ni àwọn kan ti ń kà á, àwọn kan ra ti Penguin, bọ̀ọ̀dá kan sì mú èyí tí wọ́n gé kúrú wá láti ayé ilé ẹ̀kọ́ girama rẹ̀. Èwo ni ká mú? Ẹ sì tún bá wa sọ ọ́: kí la lè pe orúkọ ìwé náà ní Yorùbá? Àwọn kan ní “Àwọn Òtòṣì,” kò tẹ́ mi lọ́rùn.

*Akẹ́kọ̀ọ́, Ìsánlú*

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹ fi ojú ìwé sílẹ̀. Hugo ti bá yín pín ìwé náà: apá márùn-ún, nínú àwọn apá náà ìwé kékeré 48, nínú ìwé kékeré náà orí 365, orí ọ̀hún sì máa ń kúrú. Bí ẹ bá ní “apá kejì, ìwé kẹta, orí karùn-ún,” ibi kan náà ni gbogbo yín yóò dé, ìbáà jẹ́ fóònù tàbí ìwé. Ẹgbẹ́ tó bá ka orí kan lóòjọ́ yóò parí rẹ̀ láàárín ọdún kan gééré.

Ìtumọ̀ tí ẹ ó rí lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́ ni ti Isabel Hapgood, èyí tó jáde ní 1887; kò sí ẹni tó ń gba owó lórí rẹ̀ mọ́ nítorí pé ó ti pẹ́. Ẹ gbà á sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ kò sì ní í nílò dátà tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti àtijọ́ ni, ó jọ ti Bíbélì tí àwọn bàbá wa ń kà. Ti Norman Denny, tó kọ́kọ́ jáde ní 1976 kí Penguin tó tún un tẹ̀, rọ̀ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n Denny ṣí ibi méjì nídìí, ó kó wọn sẹ́yìn ìwé: ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ ilé àwọn sísítà, àti ọ̀rọ̀ èdè àwọn olè. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹni tó mú ti Denny lọ́wọ́ yóò máa rò pé àwọn tó kù ń ka ohun tí kò sí. Ẹ kìlọ̀ fún un ṣáájú. Ti Christine Donougher, 2013, ni mo fẹ́ràn jù nínú èyí tí mo ti kà, nítorí pé ó fi gbogbo rẹ̀ sí ipò rẹ̀. Ní ti èyí tí wọ́n gé kúrú, kí bọ̀ọ̀dá yín máa bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kó má ṣe tijú. Òun ni yóò máa rán yín létí ibi tí ìtàn dé nígbà tí Hugo bá gbé yín lọ sínú igbó.

Orúkọ ìwé náà ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ó tọ́ bí “Àwọn Òtòṣì” kò ṣe tẹ́ yín lọ́rùn. A máa ń ṣàánú òtòṣì, a kì í fi orúkọ náà bú ènìyàn. Ọ̀rọ̀ Faransé yẹn ní ojú méjì: ẹni tí ìyà ń jẹ, àti ẹni tí aráyé ń fojú ẹlẹ́gbin wò. Ní apá kẹta, Hugo fúnra rẹ̀ sọ pé ibì kan wà tí àwọn tí orí kò sàn fún àti àwọn ẹni ẹ̀gàn ti máa ń dàpọ̀ mọ́ra wọn títí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yóò fi jẹ́ orúkọ wọn, ó wá béèrè pé ẹ̀bi ta ni.

A ní ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ lọ sí ọjà Ìsánlú lọ́jọ́ tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nídìí ata, ẹ ó gbọ́ ọ: “Olòṣì!” Òṣì ló wà nínú rẹ̀, ìyà àti àìní ni òṣì, ṣùgbọ́n tí a bá pe ènìyàn bẹ́ẹ̀, èébú ni. A mú ìyà tó ń jẹ ènìyàn, a sọ ọ́ di ohun tí a fi ń bú u, a kò sì ronú lórí rẹ̀ rí. “Àwọn Olòṣì” ni èmi ìbá pe ìwé náà. Mo mọ̀ pé kò ní í rọrùn láti kọ ọ́ sára ìwé ìpè sí ìpàdé, pàápàá bí ẹ bá ń pàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìbéèrè láti Mọ̀pà

Ṣé kò sí ìwé Yorùbá ni, tí àwọn ènìyàn wa fi ń fi odindi ọdún kan ka ìwé àwọn Faransé?

*Òǹkàwé yín, Mọ̀pà*

Ìdáhùn

Mo gbà pẹ̀lú yín ní ìlàjì. Apá márùn-ún ni ìwé Hugo ní, àlàfo mẹ́rin ló sì wà láàárín wọn. Kí ẹgbẹ́ ka ìwé Yorùbá kan ní àlàfo kọ̀ọ̀kan; ìwé mẹ́rin nìyẹn kí wọ́n tó parí ẹyọ kan ti Faransé, ó sì pọ̀ ju iye tí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ké pe èdè Yorùbá kà lọ́dún tó kọjá. Kí wọ́n sì máa fi Yàgbà, Ọ̀wẹ́ tàbí Bùnú sọ̀rọ̀ nípàdé, kí wọ́n má ṣe sọ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kà á.

Ìbéèrè láti Ẹ̀gbẹ̀

Ọ̀kun o. Ohun méjì ló ń dà wá láàmú. Èkínní, ṣé ọ̀tẹ̀ ńlá tí wọ́n ti bẹ́ ọba Faransé lórí ló wà nínú Les Misérables? Ẹnì kan nínú wa ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí fíìmù tó wò. Èkejì, orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ṣe é pè, Jean Valjean sì tún ń yí orúkọ padà lójoojúmọ́.

*Ẹgbẹ́ òǹkàwé, Ẹ̀gbẹ̀*

Ìdáhùn

Rárá o, ọ̀tẹ̀ tí ẹ ń sọ bẹ̀rẹ̀ ní 1789, nígbà tí Jean Valjean ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gé ẹ̀ka igi ní Faverolles. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ti fi kẹ̀kẹ́ ẹrù, àga àti òkúta dí òpópónà Paris nínú ìwé náà ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 5 àti 6 oṣù kẹfà 1832. Àrùn onígbáméjì ló pa ọ̀gágun Lamarque, ẹni tí àwọn mẹ̀kúnnù fẹ́ràn. Níbi ìsìnkú rẹ̀ ni ọ̀tẹ̀ ti bẹ́ sílẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì máa fi ṣú, àwọn ọmọ ogun ọba Louis-Philippe ti paná rẹ̀. Ọjọ́ méjì péré. Ó ṣeé ṣe kí ayé ti gbàgbé rẹ̀ bí kì í bá ṣe ìwé yìí.

Ní ti orúkọ, àwa Yorùbá ní àǹfààní tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Imú ni ìparí Jean àti Valjean gbà jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìparí “ìtàn” dọ́gba, ẹ má ṣe pe “n” tó wà níbẹ̀ bí ẹni pe “páànù.” Wọn kì í pe “t” ìparí Javert, ọlọ́pàá inú ìtàn náà. Wọn kì í pe “H” tó bẹ̀rẹ̀ Hugo, ohùn sì máa ń wúwo sí ìparí rẹ̀. Èyí tó bá kù tí kò bá yọ, ẹ pè é bó ṣe rọ̀ yín lẹ́nu, kò sí ọmọ Paris tó jókòó tì yín.

Ti Jean Valjean tó ń yí orúkọ padà ni mo rò pé a lè bá yín wá ojútùú sí nílé. Wọ́n pè é ní 24601 lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n tún pè é ní 9430, ó jẹ́ ọ̀gbẹ́ni Madeleine nígbà tó di olórí ìlú Montreuil-sur-Mer, ó jẹ́ Fauchelevent, àwọn ọ̀dọ́ inú ọgbà ìgbafẹ́ kan sì sọ ọ́ ní Leblanc nítorí irun orí rẹ̀ tó funfun. Láti ìgbà tó bá ti gba korobá omi lọ́wọ́ ọmọbìnrin kékeré yẹn nínú òkùnkùn igbó Montfermeil, ní òru ọjọ́ tí ọ̀la jẹ́ Kérésìmesì, ẹ máa pè é ní Bàbá Cosette. Ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ń pè é nìyẹn títí dé ojú ìwé tó kù díẹ̀ kó parí.